Àwọn Kétékú Òkè-Àánú àti Májèlé Tí Kò Lórúkọ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín o, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìkàwé. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó dá ènìyàn, tó sì dá ẹran. Tó fún ènìyàn ní ẹnu láti fi ráhùn, tó sì fún ẹran ní ojú lásán láti fi wo ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀mí èmi pẹ̀lú yín dé orí kẹrin ìtàn yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí kò tíì ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ọmọ wa ni yóò bá a pàdé, bí ayé bá ń rìn ní ọ̀nà tó ń gbà yìí. Ṣùgbọ́n orí mi wú nígbà tí mo ń kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí tiyín náà wú.

Òǹtẹ̀ dókítà ẹran tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ Tinúadé gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó wà láàrin ẹgbẹ́ akọrin nígbà náà, ẹ̀wù funfun lọ́rùn, ìwé orin lọ́wọ́, níbi ìsìn Ìdúpẹ́ Ìkórè ní ìlú Òkè-Àánú. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò. Ìmọ́lẹ̀ kéékèèké mẹ́rìnlá ló máa ń tàn lábẹ́ awọ ibẹ̀, ọ̀kan fún màlúù kọ̀ọ̀kan tó wà nínú agbo ìlú náà. Lójoojúmọ́ ayé, àwọ̀ ewé ni wọ́n máa ń ní. Mọ́kànlá ti pupa. Bó ṣe ń wò wọ́n, ìkejìlá pupa.

Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé ìṣẹ́tí ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gba ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ jáde, ó sì fi eré gé e.

"Dókítà, kí ló dé?" ni olórí akọrin pariwo.

"Àwọn Kétékú!"

Orin dá. Ká ní ó sọ pé ilé ń jó ni, àwọn àgbàgbà ìjọ kan ìbá ní kí wọ́n parí ẹsẹ orin náà ná. Ṣùgbọ́n Kétékú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń jókòó gbọ́. Gbogbo ìjọ ló dìde, wọ́n tú jáde tẹ̀lé e bí oyin tó fi afárá sílẹ̀.

Ilé ẹran wà ní ìsàlẹ̀ òkè, kò jìnnà. Lára ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹnìkan ti fi ọ̀dà kọ ọ́ láti ayé ọjọ́un: AGBO KÉTÉKÚ. ÀWỌN TÓ ṢẸ́KÙ. Lẹ́yìn Ọ̀dá Ńlá tó gbẹ odò tó sì kó ẹran lọ, kò sí ibòmíràn lórí ilẹ̀ ayé tí ènìyàn ti lè rí irú màlúù bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹran kúkúrú tó lágbára, tí eṣinṣin burúkú inú igbó kì í rí gbé ṣe. Wàrà wọn ni àwọn ọmọ ilé ìwé ìlú méje ń mu. Bí ọmọ Òkè-Àánú bá rìnrìn àjò, tí wọ́n sì bi í pé níbo ló ti wá, kò ní dárúkọ ìlú. Ó máa ní, "Mo wá láti ilé Kétékú." Àyà rẹ̀ yóò sì wú síwájú díẹ̀.

Nígbà tí Tinúadé dé ibẹ̀, ìlà ìmọ́lẹ̀ òféefèé ti yí ilé ẹran ká lórí ilẹ̀. Lókè, Atọ́ka rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ funfun ni, ó fẹ̀ tó atẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ àgbàdo, kò sì ní ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹsẹ̀. Okùn tín-ín-rín kan ń ti ọrùn màlúù kan padà sínú ikùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sílẹ̀ lẹ́nu okùn náà.

"Mo ti gba ẹ̀jẹ̀," ni Atọ́ka wí, ohùn rẹ̀ tẹ́jú bí omi inú àwo. "Mo ń wá orúkọ ohun tó ń pa wọ́n. Òfin ni: orúkọ kí oògùn tó dé. Ẹ má kọjá ìlà. Ó ku ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta."

Bàbá Ráfíù, tó ti ń da agbo náà láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ìlà, fìlà rẹ̀ ti jábọ́.

"Tinú, ọmọ mi, wọ́n fẹ́ sọ mí di aláìlọ́mọ o. Wọ́n ń jẹun wọn ni, wọ́n ń mira bí ọkọ ìyàwó. Mo ní kí n lọ pọnmi. Nígbà tí mo máa fi padà dé, màlúù mi Ẹyẹlé ti ṣubú, Ìyálóde tó ṣáájú wọn ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mu ẹmu."

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Kí ni wọ́n jẹ?"

"Kí tún ni? Ìpín Aláìlóhùn ni."

Àṣà Òkè-Àánú nìyẹn. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹnu ènìyàn kì í kan oúnjẹ kí ti ẹran tó kàn án. Àwọn ìyá ìjọ ló máa ń ru agbọ̀n lọ sí ilé ẹran láàárọ̀ kùtù, wọ́n á gbàdúrà lé e, wọ́n á dà á sínú ọpọ́n.

"Kí ló wà nínú ìpín náà lọ́dún yìí?"

"Èèpo ẹ̀gẹ́ ni. Tútù ṣìnṣìn. Wọ́n bó o lánàá fún ìyókù gàárì ìkórè."

Tinúadé gbọn orí. Èèpo ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ẹran ní nǹkan kan. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ìjọba ti pín ẹ̀gẹ́ aládùn kárí ilẹ̀, tí wọ́n sì ní kí wọ́n fa ti àtijọ́ tu. Ó yíjú sí Ìyá Ìjọ Ṣìjúadé, ẹni tó ṣáájú àwọn obìnrin náà. Ìyá Ìjọ kò wò ó. Bàtà ara rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Kí ó tó bi í léèrè, ẹnìkan mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Kúfòríjì ni, aṣojú Ilé-iṣẹ́ Ìṣọ́ Ẹran ní agbègbè náà. Wọ́n pè é síbi ìkórè gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì, òdòdó oníbébà tí wọ́n fi dá a lọ́lá ṣì wà ní àyà rẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró sẹ́yìn ìlà."

"Ọ̀gá, ẹ wo Ẹyẹlé. Ó ń kú lọ."

"Mo rí i." Ó nu òógùn. "Mo rí àbúrò mi náà nígbà tó ń kú lọ. Wàrà ló mu. Dókítà kan ló fún màlúù ní oògùn láìmọ májèlé tó jẹ, oògùn àti májèlé sì di ọ̀rẹ́ nínú ọmú. Àwa mẹ́rin la mu ún nílé wa. Èmi nìkan ló ṣẹ́kù. Ẹ má rò pé ìkà ló ṣe òfin yìí, Dókítà. Ẹkún ló ṣe é."

Òótọ́ ni ọkùnrin náà ń sọ.

"Tí ẹ̀rọ yín ò bá wá rí orúkọ ńkọ́?" ni Bàbá Ráfíù béèrè.

Ọ̀gbẹ́ni Kúfòríjì wo ọ̀nà tó wọ ìlú. "Àìlórúkọ ni yóò kọ. Ọkọ̀ iná á sì wá kó wọn lọ sun. Gbogbo wọn."

Lẹ́yìn wọn, àwọn obìnrin mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Tinúadé lọ dúró létí ìlà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìmọ́lẹ̀ náà. Òfin ti di ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò di ojú rẹ̀. Bàbá Adéọ̀ṣun tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ti sùn nínú Olúwa báyìí, a máa sọ fún un pé, "Ẹran kì í purọ́, Tinú. Àwa ni a kì í kàwé ara rẹ̀ tán." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Ara wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ń fa èémí bí ẹni tó sáré gun òkè, ṣùgbọ́n èémí náà kò ṣe wọ́n láǹfààní. Ṣé oògùn apakòkòrò ni? Ó wo ojú wọn. Bó bá jẹ́ òun ni, omijé ìbá máa ṣàn wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀, ọmọlójú ìbá sì sún kì bí orí abẹ́rẹ́. Ọmọlójú wọn là gbàǹgbà. Ṣé ajílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú koríko wọn? Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ̀jẹ̀ ìbá pọ́n dúdú bí omi kòkó. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tí okùn Atọ́ka kán sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà pupa fòò. Ó wo ahọ́n Ẹyẹlé tó yọ sílẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Ó pupa bí tàtàṣé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já.

Ẹran tó ń kú nítorí àìrí èémí, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi pupa bí ti ọmọ tuntun? Èémí wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé e kiri ara bí ẹni ru oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ló ti pa. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá Adéọ̀ṣun kọ sábẹ́ irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀ tó ti gbó: ẹ̀gẹ́ kíkorò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi tàdáwà mìíràn kọ ọ́ pé, "Ó yára ju ẹsẹ̀ rẹ lọ. Má dúró."

Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kíkorò ti parẹ́ láyé. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló ṣì í kà ńkọ́? Oògùn tó wà fún májèlé yẹn, ó lè pa ẹran tí nǹkan mìíràn ń ṣe. Bí òun bá sì kọjá ìlà kí orúkọ tó dé, òǹtẹ̀ yóò kú sí òun lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi kẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó fi òǹtẹ̀ náà sí i, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gbà á ní gbogbo Òkè-Ògùn. Bí òǹtẹ̀ náà bá kú lónìí, ta ni yóò gbẹ̀bí ewúrẹ́ lọ́la? Ta ni yóò wo àgùntàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ ní ìlú méje?

Ó dúró. Ó ń rò ó. Ó ń gbàdúrà kúkúrú, irú èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú.

Ẹyẹlé na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, ó mí ìmí kan tó gùn, kò sì mí òmíràn mọ́.

"Ọ̀kan ti kú," ni Atọ́ka wí. "Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì."

Bàbá Ráfíù bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ọ̀rọ̀ Bàbá Adéọ̀ṣun sì dún sí Tinúadé létí bí ẹni pé bàbá náà dúró tì í: "Ẹran ni kí o tọ́jú, má tọ́jú májèlé. Èémí lákọ̀ọ́kọ́. Orúkọ lè tẹ̀lé e, òkú kò ní nǹkan tó fẹ́ fi orúkọ ṣe."

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó kọjá ìlà.

Òǹtẹ̀ náà jó o lọ́wọ́. Kò mọ̀ pé yóò jó òun tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kéékèèké inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àyè wọn sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Òǹtẹ̀ Tinúadé Olúgbèmí ti kú," ni Atọ́ka wí.

"Mo ti gbọ́," ni Tinúadé dáhùn. "Bàbá Ráfíù! Ẹ bá mi gbé àpótí Bàbá wá!"

Àpótí náà wà lórí pẹpẹ igi nínú ilé ẹran, níbi tí Bàbá Adéọ̀ṣun gbé e sí kó tó kú. Lọ́dọọdún, ìjọ máa ń fi ọrẹ ìkórè pààrọ̀ àwọn oògùn inú rẹ̀ sí tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó rántí ohun tí púpọ̀ nínú wọn wà fún. Wọ́n kàn mọ̀ pé Bàbá ní kó má tán níbẹ̀ ni. Tinúadé ṣí i. Ìgò kékeré kan, ìgò ńlá mẹ́ta. Èyí tó wà nínú àwọn ìgò ńlá ni iyọ̀ imí-ọjọ́, ìbátan nǹkan yẹn gan-an tí a máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú iná nínú ìwàásù.

"Ẹ̀yin akọrin! Ẹ wọlé!"

"Dókítà, òfin..." ni olórí akọrin bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni òfin mú, kò mú yín. Ẹ̀yin kò lóògùn lọ́wọ́. Ẹ gbé orí wọn sókè! Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àyà lélẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnìkan fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí itọ́ má baà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀yin ìyá, ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú ọpọ́n kúrò. Gbogbo rẹ̀! Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀kúnwọ́ kan."

Ẹ ò bá wo ìran! Àwọn akọrin nínú ẹ̀wù funfun tí wọ́n ti lọ̀ láti ọjọ́ Jimọ́ọ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ màlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé orí ẹran lé itan. Tinúadé wá iṣan ọrùn Ìyálóde, màlúù tó ṣáájú agbo, tó sì lóyún. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò òfìfo kan ná, nítorí pé oògùn máa ń pa ojú ẹ̀rí rẹ́. Ó wá fi abẹ́rẹ́ ti oògùn inú ìgò kékeré wọlé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló ti omi iyọ̀ imí-ọjọ́ tẹ̀lé e.

"Dókítà, ẹ ń pa ara yín!" ni Ọ̀gbẹ́ni Kúfòríjì ké láti ẹ̀yìn ìlà.

"Ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Tí ẹ bá wá kọ ọ́ tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa di orí èyí mú. Ó ku ẹnìkan."

Àwọn akọrin kan rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ọkùnrin náà wo òdòdó àyà rẹ̀, ó wo ìlà, ó wo màlúù tí kò ní ẹni tó gbé orí rẹ̀. Ó já òdòdó náà sápò, ó sì wọlé.

Láti ọ̀kan dé èkejì ni Tinúadé ń lọ. Kò sáré, nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í bá iṣan pàdé. Nígbà tó fi máa dé ìdí ẹkẹfà, olórí akọrin kígbe.

"Ó ń jẹ ẹ̀wù mi! Ẹ gbà mí, ó ń jẹ ẹ̀wù mi!"

"Jẹ́ kó jẹ ẹ́!" ni Bàbá Ráfíù sọ, ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ lójú rẹ̀. "Jẹ́ kó jẹ ẹ́, ẹni tó ń kú kì í wá oúnjẹ!"

Ọ̀kan dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ọmọ ọjọ́ kan. Èkejì dìde. Tinúadé bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà gígùn da omi iyọ̀ náà sínú ikùn wọn, kí ó lè lọ pàdé èyí tí wọn kò tíì jẹ dà. Ẹnìkan nínú àwọn akọrin gbé ohùn orin tí wọ́n dá dúró nínú ilé ìsìn, ó rọra ń kùn ún, àwọn yòókù sì gbà á. Wọn kò la ẹnu. Wọ́n kàn ń kùn ún sí etí àwọn màlúù.

Nígbà tí àkókò pé, méjìlá ti dúró lórí ẹsẹ̀ wọn. Ìyálóde nìkan ló ṣì fi àyà lélẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó sì ń wo gbogbo ènìyàn bí ẹni pé àwọn ló jẹ ẹ́ ní gbèsè àlàyé.

Atọ́ka tan iná pupa. "Mo ti wá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì orúkọ. N kò rí i. Àìlórúkọ. Ọkọ̀ iná ti gbéra."

Orin dá lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà.

"Ṣé ẹ̀yin ò rí i pé wọ́n ti dìde ni?" ni Tinúadé pariwo sókè.

"Atọ́ka kò mọ ìdìde," ni Ọ̀gbẹ́ni Kúfòríjì wí. Ìgbẹ́ ti ba ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ dé orúnkún. "Orúkọ ló mọ̀." Ó ronú, ó fi ọwọ́ tó dọ̀tí nu iwájú orí. "Ọ̀nà kan wà. Ó wà nínú òfin, mi ò tíì rí ẹni tó lò ó rí. Bí ẹni tó bọ́ ẹran àti ẹni tó tọ́jú rẹ̀ bá dúró níwájú aṣojú, tí wọ́n sọ orúkọ kan náà, tí ẹ̀rí sì wà, a lè kọ́ Atọ́ka ní orúkọ tuntun. Dókítà, ẹ̀yin lẹ tọ́jú wọn. Ta ló bọ́ wọn?"

Tinúadé wo Ìyá Ìjọ. Kò dárúkọ rẹ̀. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ dúdú náà sókè láti fi gbá irun kúrò lójú, Ìyá Ìjọ sì rí i.

Obìnrin àgbà náà tú gèlè funfun orí rẹ̀, ó ká a, ó sì jáde síwájú.

"Èmi ni. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni, ọ̀gá. Ti àtijọ́."

Ariwo sọ. Ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Ìyá ìyá mi ló fún mi ní igi mẹ́ta, ó ní kí n má jẹ́ kó parẹ́. Mo gbìn ín sẹ́yìn ilé ìsìn láàrin òdòdó, gbogbo yín ń kọjá níbẹ̀, ẹ ń ní òdòdó Ìyá Ìjọ dára. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́: gàárì ayé ìsinsìnyí, kì í kan, kì í wú. Ṣé gàárì nìyẹn? Mo ní lọ́dún yìí, kí Ọlọ́run jẹ gàárì tòótọ́ nínú ilé rẹ̀."

"Màmá, gàárì náà kan o," ni ohùn kan sọ lẹ́yìn, wọ́n sì ní kó panu mọ́.

Ohùn Ìyá Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í já. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi àgbà máa ń sá èèpo rẹ̀ sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó fún ewúrẹ́ jẹ. Mo rò pé ó ń sá a kó lè gbẹ lásán ni. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà ò bi í. Mo tọ́jú igi, mi ò tọ́jú ọgbọ́n tó bá igi wá. Ẹ̀mí Ẹyẹlé ń bẹ lọ́rùn mi. Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni, kí ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀."

"Ẹ̀gẹ́ kíkorò kò sí," ni Atọ́ka wí. "Mo ti yọ orúkọ náà kúrò."

"Dá a padà," ni Ọ̀gbẹ́ni Kúfòríjì wí.

"Ẹ̀rí?"

"Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni èmi náà pè é," ni Tinúadé wí. Ó gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ Ìyálóde sókè ní ọwọ́ kan, ó gbé èèpo tútù náà sókè ní ọwọ́ kejì. Okùn tín-ín-rín sọ̀ kalẹ̀, ó tọ́ èyí wò, ó tọ́ ìyẹn wò. Ọ̀nà jíjìn ni ìró ọkọ̀ iná ti ń bọ̀, ó ń sún mọ́ wọn. Gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ọ. Iná pupa ojú Atọ́ka wá rọ̀, ó di àwọ̀ ewé.

"Mo ti rí i. Orúkọ: májèlé ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ọkọ̀ iná ti yí padà."

Mi ò lè ṣàpèjúwe ariwo ayọ̀ tó sọ fún yín. Bàbá Ráfíù gbé Ọ̀gbẹ́ni Kúfòríjì sókè nílẹ̀, ti òun ti ìgbẹ́ ṣòkòtò rẹ̀. Tinúadé nìkan ló ń pariwo nǹkan mìíràn: "Wàrà! Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ọjọ́ márùn-ún ni a ó fi da wàrà wọn nù, bó tilẹ̀ ṣe pé oògùn yìí kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹfà, èmi ni màá kọ́kọ́ mu ún."

Ọ̀gbẹ́ni Kúfòríjì dúró, ó wò ó. "Mo máa wà níbẹ̀," ló sọ jẹ́jẹ́. "Èmi ni kí ẹ bu ìkejì fún. Láti ọmọ ọdún méje, mi ò tíì mu wàrà."

Atọ́ka ṣì rọ̀ lókè. "Orúkọ tuntun gbọ́dọ̀ ní olùkọ́. Ta ni ó kọ́ mi?"

Ọ̀gbẹ́ni Kúfòríjì tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó yọ òdòdó oníbébà náà nínú àpò, ó ti rún, ó sì fi í padà sí àyà.

"Kọ ọ́ pé: Ìyá Ìjọ Ṣìjúadé ti Òkè-Àánú, àti Dókítà Tinúadé Olúgbèmí."

"Kò sí dókítà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òǹtẹ̀ rẹ̀ ti kú ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn."

"Mo mọ̀."

"Ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní òǹtẹ̀ nìkan ló lè jí i."

"Ìgbìmọ̀ á jókòó lọ́jọ́bọ̀. Èmi fúnra mi ni màá bá a lọ, màá sì sọ ohun tí mo rí. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ báyìí, bí mo ṣe pè é."

Iná ojú ẹ̀rọ náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó tún orúkọ náà pè, ní Òkè-Àánú, àti ní gbogbo ibi tí Atọ́ka bá rọ̀ sí lórí ilẹ̀ yìí, níbi tí ẹran bá ń jẹko lábẹ́ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ náà:

"Májèlé ẹ̀gẹ́ kíkorò. Olùkọ́: Ìyá Ìjọ Ṣìjúadé. Olùkọ́: Dókítà Tinúadé Olúgbèmí."

Tinúadé jókòó sílẹ̀ sínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyálóde, ẹ̀wù akọrin rẹ̀ kò ní ibi tó funfun mọ́. Ó wo ibi tí wọ́n ti fi aṣọ bo Ẹyẹlé, ó sì gbà pé ìṣẹ́jú mẹ́rin tí òun fi dúró létí ìlà náà, títí ayé ni òun yóò máa rántí rẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ tó jóná náà sórí itan. Ìyálóde na ọrùn, ó fi ahọ́n rẹ̀ tó ti padà sí àwọ̀ tirẹ̀ lá àtẹ́lẹwọ́ dúdú náà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá fi orúnkún tẹlẹ̀, ó gbé ìdí sókè, ó sì dìde pẹ̀lú oyún inú rẹ̀.

"Mẹ́tàlá," ni Bàbá Ráfíù kà.

"Mẹ́rìnlá, Bàbá," ni Tinúadé wí, ó sì na ìka sí ikùn Ìyálóde.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí Olúwa má jẹ́ kí o pẹ́ létí ìlà lọ́jọ́ tí ẹ̀mí bá wà lọ́wọ́ rẹ. Ọgbọ́n tí àwọn ìyá rẹ fi sílẹ̀ kò ní sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí o bá jóná nítorí rere, wọn yóò pe orúkọ rẹ níbi tí o kò lérò. Ohun ọ̀sìn rẹ yóò dìde, ilé rẹ yóò dìde, ìwọ náà yóò sì dìde. Àmín.